Láti Ibo Dé Ibo? Ọ̀rọ̀ lórí Gíga Ògiri àti Òrùlé Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń yàwòrán ilé sọ̀rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo wọlé, mo rí bíríkìlà, mo rí káfíńtà, mo tún rí ìyá kan tó jókòó téńté síwájú, ó ní òun ló fẹ́ kọ́lé, òun fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ wọ̀nyí máa fi owó òun ṣe. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀bú kúkú ni wá, ẹni tó bá máa náwó gbọ́dọ̀ mọ ibi tówó ń gbà lọ. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí, mo kàn yọ díẹ̀ lára ẹ̀fẹ̀ ẹ̀ kúrò, mo sì to àwọn ìṣirò tí mo sáré sọ kọjá lọ dáadáa kí ẹ lè rí i wò.

Kí n tó tan láptọ́ọ̀pù, mo bi wọ́n ní nǹkan kan. Tí mo bá ní ògiri yìí ga ní mítà 3, kí ni mo sọ? Ọmọkùnrin kan ní mìlímítà 3000 ni, kí n tẹ 3000 síbẹ̀. Mo ní ó dáa, láti ibo? Ó wojú mi. Ṣé láti orí ilẹ̀ pupa tó wà níta ni, àbí láti orí Jámánì flóò, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n ń dà sílẹ̀ ilé kí wọ́n tó tẹ́ táìsì, àbí láti orí táìsì tí màmá yìí máa fẹsẹ̀ tẹ̀? Ó ṣì ń wojú mi. Mo ní dé ibo ńkọ́, ṣé dé abẹ́ sílíìnì ni, àbí dé orí bulọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn, àbí dé orí wọ́ọ̀lù plétì, igi tí wọ́n ń tẹ́ sórí ògiri kí òrùlé lè jókòó lé e? Ariwo bá sọ, kálukú ń dáhùn tiẹ̀, orí ìjókòó kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ ìdáhùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn pátá ló sì máa tẹ 3000 tí wọ́n bá délé. Ìdí abájọ nìyẹn tí ògiri fi ń yọrí jáde lórí pánù nínú 3D yín.

Ẹ wo Erédò Sùngbọ́ tiwa níbí, yàrà àti òkìtì tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Wọ́n ní ó gùn ju kìlómítà 160 lọ, ibòmíì níbẹ̀ sì ga tó mítà 20. Àlejò á dé, á dúró lápá inú, á ní irọ́ ni wọ́n ń pa, òkìtì lásán lòun rí. Kò jẹ̀bi. Àwọn tó ní 20 yẹn, láti ìsàlẹ̀ yàrà ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n títí dé góńgó orí òkìtì. Àlejò ò sọ̀kalẹ̀ sínú yàrà, òun náà ń wọ̀n ọ́n láti ibi tó dúró sí.

Bíríkìlà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àwa tá a jókòó ti kọ̀ǹpútà lọ, mi ò ní purọ́. Tó bá ti to bulọ́ọ̀kù díẹ̀ kúrò nílẹ̀, á fa ìlà kan sára ògiri, mítà 1 gééré sókè ibi tí ojú táìsì máa wà, á pe ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n á rọ omi sínú rọ́bà funfun tí èèyàn ń rí inú ẹ̀ yẹn, ọ̀kan á di ẹnu ibí mú, èkejì á di ẹnu ọ̀hún mú, wọ́n á yí gbogbo ilé po, ẹ máa gbọ́ tí ẹni tó wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀hún ń pariwo "sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, ó ti pọ̀ jù, gbé e, ó tó, ó tó!" Ibi tí omi bá dúró sí ni wọ́n á fàlà sí. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sẹ́ni tó ń wọn nǹkan láti ilẹ̀ mọ́, fèrèsé ni o, líńtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń dà sókè fèrèsé àti ilẹ̀kùn ni o, sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ni o, ara ìlà yẹn ni gbogbo ẹ̀ ti ń jáde.

Level tó wà nínú Revit, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán ilé, ìlà rọ́bà náà ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ṣí ojú Elevation, ìyẹn ilé bó ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́, ẹ máa rí méjì tó wà níbẹ̀ látilẹ̀, Level 1 àti Level 2, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì fọwọ́ kàn án rárá, wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fa ògiri. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí tí ẹ ò bá sọ nǹkan míì fún un, ògiri yín máa wà ní Unconnected, ìyẹn ni pé ó ní gíga, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ ò so mọ́ nǹkan kan. Ẹ gbé Level 2 sókè, ògiri ò mọ̀. Ẹ yí òrùlé padà, ògiri ò mọ̀. Ó dúró bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì.

Ó ṣe mí rí o, ẹ má rò pé mo kàn ń fi ẹnu sọ ọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí bọ́ọ̀dù àti T-square, tí ojú mi ṣì ń dán pé mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, mo ya bọ́ńgálò kan fún bàbá kan lápá Rẹ́mọ. Ilẹ̀ wọn níbẹ̀ máa ń gba omi lásìkò òjò, bàbá bá ní kí wọ́n gbé ilẹ̀ ilé sókè, mo gbé e sókè ní mìlímítà 600, ó dáa. Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé Level 1 ni mo fi ṣe ilẹ̀ ìta, orí ẹ̀ ni mo ti fa gbogbo ògiri, mo tẹ 3000 sí wọn, lẹ́yìn náà ni mo wá gbé flóò nìkan lọ sí 600. Nínú 3D, ilé náà rẹwà, mo fi kọ́ńbìnáṣọ̀n ọ̀dà aláwọ̀ eérú àti funfun sí i, bàbá rẹ́rìn-ín, ó san owó. Ó di ọjọ́ kan, fóònù mi dún láàárọ̀, bíríkìlà ni. Ó ní "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo ń wo pílánì yín, tí mo bá ti da líńtẹ́ẹ̀lì, ògiri parí nìyẹn o. Ṣé orí líńtẹ́ẹ̀lì ni káfíńtà máa to igi lé ni?"

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ṣí fáìlì. Ó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀, torí ìṣirò yìí ló yẹ kó wà lórí gbogbo ọmọ tó ń yàwòrán nílùú yìí. Bulọ́ọ̀kù wa, 450 ni gígùn ẹ̀, 225 ni gíga ẹ̀. Ẹ fi símẹ́ǹtì 25 tó wà lábẹ́ ẹ̀ kún un, kóòṣì kan, ìyẹn ìlà bulọ́ọ̀kù kan, jẹ́ 250. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà wa ni kóòṣì mẹ́sàn-án láti orí Jámánì flóò kó tó kan líńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn 2250. Líńtẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ jẹ́ 225, ó di 2475. Wọ́n á wá to kóòṣì méjì tàbí mẹ́ta lé e. Ṣùgbọ́n orí Jámánì flóò kọ́ lẹsẹ̀ èèyàn máa wà, pílásítà ilẹ̀ àti táìsì máa jẹ bíi 75 níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú táìsì lẹ fi ṣe 0, abẹ́ líńtẹ́ẹ̀lì wà ní 2175, orí ẹ̀ wà ní 2400. Tèmi ńkọ́? Ògiri 3000 láti ilẹ̀ ìta, táìsì wà ní 600, ohun tó kù nínú ilé jẹ́ 2400 géérégé. Bíríkìlà ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, òtítọ́ ló sọ, orí líńtẹ́ẹ̀lì lògiri mi parí sí.

A ní láti fi kóòṣì mẹ́ta kún un yí ká. Ògiri ilé náà lápapọ̀, tinú tòde, tó bíi mítà 90, kóòṣì kan ń gba bíi bulọ́ọ̀kù 190, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà mẹ́ta, bíi 570 bulọ́ọ̀kù tí kò sí nínú bíìlì tí mo kọ fún bàbá. Mo san lára ẹ̀. Bàbá ò bú mi, ó kàn ń pè mí ní "ọmọ kọ̀ǹpútà" láti ọjọ́ náà, mo sì mọ ohun tó ń sọ.

Ìṣirò yìí kan náà ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé 3000 tí gbogbo yín fẹ́ràn yẹn, bulọ́ọ̀kù ò mọ̀ ọ́n. Láti ojú táìsì, kóòṣì méjì lórí líńtẹ́ẹ̀lì fún yín ní 2900, mẹ́ta fún yín ní 3150. Kò sí 3000 láàárín àfi tí bíríkìlà bá gé bulọ́ọ̀kù lórí tàbí tó da kọnkéré dí i, kò sì ní pè yín, á ṣe èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ilé á yàtọ̀ sí pílánì. Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára Level. Nínú fáìlì tèmi báyìí, ilẹ̀ ìta wà ní -600, Jámánì wà ní -75, táìsì ni 0, abẹ́ líńtẹ́ẹ̀lì 2175, plétì 3150, mo sì fi Yorùbá kọ orúkọ wọn, ẹni tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Gbogbo ògiri, Base Constraint ẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ so mọ́, wà ní Jámánì, Top Constraint ẹ̀, ibi tí orí ẹ̀ so mọ́, wà ní plétì. Tí onílé bá wá ní òun fẹ́ kí ilé ga sí i, plétì nìkan ni mo máa gbé, gbogbo ògiri á tẹ̀ lé e bí ọmọ adìyẹ ṣe ń tẹ̀ lé ìyá ẹ̀. Nǹkan kékeré kan, tí ẹ bá ṣe Copy láti fi ṣe Level tuntun, orí ẹ̀ máa dúdú dípò búlúù, kò ní ní Floor Plan tiẹ̀, ìyẹn àwòrán ibẹ̀ láti òkè, ẹ má wá a kiri.

Ó kan òrùlé wàyí, àwọn káfíńtà ti ń mí kanlẹ̀.

Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé ọmọ á ṣe òrùlé, á rí àyè tó ṣófo láàárín ògiri àti òrùlé lápá tó dá ṣónṣó sókè yẹn, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà, 3500, kò kàn án, 4200, ó kù díẹ̀, 5800, ó kàn án, ṣùgbọ́n igun méjèèjì ti yọ jáde lókè pánù bí etí ehoro. Ẹ fi ògiri sílẹ̀ ní plétì jàre, ẹ mú un, ẹ tẹ Attach Top/Base, ẹ tẹ òrùlé. Ó máa gé ara ẹ̀ bí òrùlé ṣe rí. Tí ẹ bá pa òrùlé yẹn rẹ́, ògiri máa padà sí Level tiẹ̀, torí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí ẹ bá yí òrùlé tí ẹ sì tún ní láti so ó.

Èyí tó kàn, ó fara sin. Tí ẹ bá fi Pick Walls ṣe òrùlé, ìyẹn kí ẹ máa tẹ ògiri tí òrùlé máa bò, Properties ẹ̀ ní ibì kan tí wọ́n kọ Rafter or Truss sí. Ọ̀pọ̀ ò ka ibẹ̀ rí. Tó bá wà ní Truss, ojú ìta ògiri ló ti ń ka gíga òrùlé, tó bá wà ní Rafter, ojú inú ni. Ẹ ní kí lèyí jọ? Ògiri wa nípọn ní 225, ní dìgírì 30, igi ń gòkè ní 577 fún mítà 1 tó bá rìn, torí náà gíga òrùlé lójú inú àti lójú ìta fi bíi 130 yàtọ̀ síra. Gbogbo òrùlé yín máa ga tàbí kó rẹlẹ̀ ní 130 láìjẹ́ pé ẹ tẹ nọ́ńbà kankan. Èmi ń lo Truss torí bí àwọn káfíńtà wa ṣe ń to igi lé plétì ló bá a mu jù, ṣùgbọ́n èyí tó wù yín ni, kó ṣáà jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ yàn án.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé, ẹ fara balẹ̀. Ilé tó ní apá méjì, ẹ jẹ́ ká ní pálọ̀ fẹ̀ ní mítà 9, apá yàrá fẹ̀ ní mítà 6, ògiri méjèèjì dọ́gba, sílóòpù méjèèjì jẹ́ dìgírì 30. Ṣónṣó pálọ̀ máa ga ní bíi 2598 sókè plétì, tiyàrá á ga ní 1732. Ìyẹn dáa, ṣónṣó kékeré á wọnú ńlá, àfonífojì á wà láàárín wọn, ilé á rẹwà. Àmọ́ onílé á dé, á ní òun fẹ́ kí ṣónṣó méjèèjì dọ́gba, ọmọ á tẹ sílóòpù yàrá lọ sí bíi 41, ṣónṣó bá dọ́gba lóòótọ́. Ẹ wá lọ wo ìsàlẹ̀. Igi tó yọ síta ní 600, ní dìgírì 30 ó ń sọ̀ ní 346, ní 41 yẹn ó ń sọ̀ ní bíi 520. Fásíà, pákó etí òrùlé, lápá kan ti fi nǹkan bíi 174 rẹlẹ̀ ju ìkejì lọ, ní igun ibi tí wọ́n ti pàdé, gọ́tà ò lè bára mu, omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ á máa da sára ògiri, ẹ sì mọ irú òjò tí Ìjẹ̀bú máa ń rọ̀ lóṣù kẹfà. Kọ̀ǹpútà ò ní kìlọ̀ fún yín, á ya á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ni mo mọ̀. Ẹ gbé plétì apá yàrá sókè ní bíi 144, kí ẹ sì dín sílóòpù ẹ̀ kù sí bíi 39 kí ṣónṣó lè ṣì dọ́gba, tí bíríkìlà máa kórìíra yín fún, torí kì í ṣe kóòṣì kan. Àbí kí ẹ dín igi tó yọ síta lápá yẹn kù sí 400, ẹ ṣírò ẹ̀ wò, á sọ̀ ní bíi 346, fásíà á pàdé. Ìkejì ni mo fẹ́. Káfíńtà kan dìde lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ó ní òun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, òun ò mọ̀ pé ó ní ìṣirò, tí òun bá ti rí i pé ẹnu igi ò pàdé òun á kàn gé e. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ẹ ṣọ́ra fún òrùlé póóṣì. Póóṣì tó jáde ní mítà 3, tí òrùlé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 3000 tó sì ń gòkè lọ sọ́dọ̀ ilé ní dìgírì 20, ibi tó máa ti kan ògiri jẹ́ bíi 4092. Tí ilẹ̀ òkè bá wà ní 3150, tí ìsàlẹ̀ fèrèsé sì jẹ́ 900 sí i, 4050 nìyẹn. Òrùlé ti wọ fèrèsé, a ò tíì ka igi àti pánù fúnra wọn mọ́ ọn. Ẹ sọ̀ ọ́ sí 15, á kàn án ní bíi 3804, ààyè wà. Mo ti rí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ lójú títì, ẹ̀yin náà ti rí i, wọ́n á ní káfíńtà ni kò mọṣẹ́.

Párápẹ́ẹ̀tì, ògiri tó ń bo òrùlé mọ́lẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń ṣe báyìí, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Tí ìdajì ilé bá jẹ́ mítà 4.5, tí sílóòpù jẹ́ dìgírì 10, òrùlé ń gòkè ní bíi 794, ẹ fi igi tó gbé pánù kún un, párápẹ́ẹ̀tì 900 ò ní bò ó dáadáa. Kóòṣì márùn-ún, 1250, ẹ sùn.

Àwọn tó ń lo ArchiCAD, Story Settings ni tiyín, ẹ so orí ògiri mọ́ Story òkè, ẹ sì fi òrùlé gé e. Ẹ̀yin SketchUp, kò sí Level níbẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ fà sókè yẹn ni ògiri, torí náà ẹ fi Tape Measure fa ìlà ìtọ́sọ́nà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fa ohunkóhun sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń ya á ní AutoCAD pẹlẹbẹ, ọwọ́ yín ni gbogbo ẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó máa so nǹkan kan mọ́ra fún yín.

Màmá tó fẹ́ kọ́lé gbé ọwọ́ sókè, ó ní fíìtì mẹ́wàá lòun fẹ́, òun ò fẹ́ gbogbo 3000, 3150 yẹn. Mo ní màmá, fíìtì mẹ́wàá jẹ́ 3048, ẹ fẹ́ ẹ láti ojú táìsì dé sílíìnì, àbí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kóòṣì mẹ́ta lórí líńtẹ́ẹ̀lì nìyẹn, tí káfíńtà bá kan sílíìnì sí abẹ́ plétì, á ku bíi 100 fún igi ẹ̀. Ó ní "ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi", mo kọ ọ́.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, ọmọbìnrin kan ni. Ilé bàbá-bàbá ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé amọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́, wọ́n fẹ́ fi yàrá méjì kún un lẹ́yìn, kò sí pílánì, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé sì dagun lọ sódò, ibo ló máa fi 0 sí? Mo ní kí ó má wo ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rárá. Kó fi 0 sí ilẹ̀ pálọ̀ àtijọ́, lẹ́nu ọ̀nà àbájáde tó wọ yàrá tuntun, torí ibẹ̀ lẹsẹ̀ èèyàn máa ti kọjá láti ilé àtijọ́ bọ́ sí tuntun. Lẹ́yìn náà kó wọn abẹ́ pánù àtijọ́ láti ibẹ̀, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ilé amọ̀, igun kan lè ti rì ju ìkejì lọ, tó bá sì wọn ẹyọ kan tó fi ya òrùlé tuntun, ọ̀kan á fò ju ìkejì lọ. Ó ní téépù lòun ní. Mo ní kó mú rọ́bà lọ, kó bu omi sí i, kó sì mú ẹni tó máa di ẹnu kejì mú lọ́wọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n pariwo.